Ọtí ìyẹ̀fun fún ẹni tó ń gun òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sun orí òkè Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, ẹ má wá ọtí ìyẹ̀fun, ọtí lúbúlúbú tí wọ́n ń pò mọ́ omi, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2015 kiri. Cyclodextrin, tí wọ́n ń ti ara sítáàṣì ṣe, ló di ọtí náà mú, ẹrù sì lòun náà. Sódàbì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu pọn, ló fúyẹ́ jù: ìdajì ife péré, nínú ike tí ìdérí rẹ̀ le, lọ́wọ́ apọntí tí ẹ mọ̀ dáadáa.

Ohun tí ẹ ó dà pọ̀ mọ́ sódàbì yìí ni kó jẹ́ ìyẹ̀fun. Ẹ gún atalẹ̀ gbígbẹ, ẹ sẹ́ ẹ títí yóò fi kúnná bí àtíkè, ẹ dà á pọ̀ mọ́ ṣúgà àti èèpo ọsàn gbígbẹ tí ẹ ti lọ̀, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá. Atalẹ̀ tútù á mú kó dì gbagidi, mi ò fẹ́ ẹ rárá.

Tí ẹ bá ti pàgọ́ tán, ẹ po ṣíbí kan sínú omi gbígbóná, ẹ wá kán sódàbì sí i. Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, omi lásán ni o!