Bẹ́ ẹ ṣe lè kó àwọn ọmọ yín láti Abẹ́òkúta lọ gbafẹ́ ní Tarkwa Bay

Àwa tá a wà l'Abẹ́òkúta, tí ìsinmi bá ti dé, ibi tá a mọ̀ ò ju méjì mẹ́ta lọ. Ká gun Olúmọ, ká lọ wo ẹranko ní láíbúrárì Ọbásanjọ́ l'Ókè-Mosàn, ká ra áìsìkiriìmù fáwọn ọmọ, ó parí. Gbogbo ẹ̀ ló dáa o, àmọ́ àwọn ọmọ mi mẹ́ta ti gun Olúmọ débi pé wọ́n lè mú àlejò yípo ẹ̀, ni àbígbẹ̀yìn mi bá bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, ṣé òkun tóbi ju Odò Ògùn lọ?" Ìbéèrè yẹn ló gbé wa dé Tarkwa Bay. A ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, ti àkọ́kọ́ ò lọ déédéé rárá, méjì tó tẹ̀lé e dùn gan-an, ohun tójú mi sì rí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fẹ́ kọ síbí, pàápàá ọ̀rọ̀ omi, torí abẹ́ òkúta la ti bí àwọn ọmọ wa, wọn ò mọ òkun.

Fún ẹni tí ò bá mọ ibẹ̀, Tarkwa Bay wà lẹ́nu ibi táwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ń gbà wọ èbúté Èkó láti òkun. Bóòtù ló ń gbéni débẹ̀, ìyẹn ló fi dà bí erékùṣù lójú gbogbo ẹni tó bá lọ. Ìdí tí mo fi yàn án fún ọmọdé ni pé omi ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Òyìnbó ló to òkúta wọnú òkun bí ògiri gígùn nígbà tí wọ́n ń tún ẹnu èbúté náà ṣe, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1908, ògiri yẹn ló ń fàyà gba ìgbì, kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ agbára ẹ̀ ti dínkù.

Ẹ kọ́kọ́ mú ọjọ́, kẹ́ ẹ sì mọ àwọn tó ń bá yín lọ

Oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló dáa jù, òjò ò pọ̀, omi ò sì fi bẹ́ẹ̀ ru. Oṣù kẹfà sí oṣù keje, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Tí ọyẹ́ bá mú tí kùrukùru bo ojú omi, ẹ dúró kó ká díẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ bóòtù. Sátidé dáa ju Sọ́ńdè lọ, ẹ má sì lọ lọ́jọ́ Iléyá tàbí Kérésì, èrò máa pọ̀ débi pé ẹ ò ní lè dá orí ọmọ yín mọ̀ láàárín orí tó wà nínú omi.

Àgbà kan sí ọmọ méjì. Èyí tí ò bá tíì pé ọdún mẹ́fà, àgbà kan gbọ́dọ̀ wà fún òun nìkan. Èmi àti dádì wọn nìkan la kó ọmọ mẹ́ta lọ nígbà àkọ́kọ́, ọwọ́ wa ò ká a, látìgbà yẹn la ti ń mú àbúrò ọkọ mi dání, Bọ̀dá Kékeré làwa ń pè é.

Ọ̀nà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kúrò l'Abẹ́òkúta kẹ́ ẹ sì padà wálé lọ́jọ́ kan náà. Ohun tó ba tiwa jẹ́ lẹ́ẹ̀kíní nìyẹn. A kúrò ní Kútọ̀ ní aago méje, a gba ọ̀nà Sàngó, gósìló dá wa dúró, ìgbà tá a fi máa dé jẹ́tì ọ̀sán ti pọ́n, àwọn ọmọ ti sunkún sunkún ó ti rẹ̀ wọ́n, èmi fúnra mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́, wákàtí kan àbọ̀ péré la sì lò lórí iyanrìn kílẹ̀ tó fẹ́ máa ṣú. Ní báyìí, ọjọ́ Furaidé la ń lọ, ká sùn sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Súrùlérè, kílẹ̀ mọ́ ká máa lọ. Kò sẹ́ni tí ò ní mọ̀lẹ́bí l'Ékòó nínú wa, ẹ pè wọ́n ṣáájú, ẹ sì gbé ìrẹsì Ọ̀fadà dání fún wọn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ káwọn ọmọ gbádùn ìrìn àjò náà, ẹ wọ rélùwéè tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021 yẹn. Stéṣàn tiwa ni ti Wọlé Ṣóyínká ní Láderin, Alágomejì ní Èbúté Mẹ́ta lẹ máa sọ̀ sí, takisí á wá gbé yín lọ síbi tẹ́ ẹ bá ń lọ. Ẹ lọ bèèrè àkókò ẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà torí wọ́n máa ń yí i. Tó bá jẹ́ mọ́tò lẹ fẹ́ gbé, ọ̀nà Ṣágámù tó já sí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ló rọrùn lójú tèmi, ó kàn gùn díẹ̀ ni.

Ẹrù tẹ́ ẹ máa dì

Aṣọ táwọn ọmọ máa wọ̀ wọnú omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹ wá èyí táwọ̀ ẹ̀ ń pariwo, àwọ̀ ọsàn tàbí pupa tó dán, ẹ má wọ búlúù tàbí funfun fún wọn, torí omi á gbé àwọ̀ yẹn mì, ẹ ò ní rí ọmọ. Ẹ fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí apá wọn, kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ kómi má nù ún. Ẹ gbé kúlà tí omi tútù wà nínú ẹ̀, jọ̀lọ́ọ̀fù àti mọ́ínmọ́ín ewé, fìlà, sálúbàtà torí iyanrìn máa ń gbóná bí iná lọ́sàn-án, táwẹ́ẹ̀lì, aṣọ ìpààrọ̀, ìpara tí wọ́n ń fi dènà oòrùn, pílásítà, àti náílọ́nù méjì mẹ́ta, ọ̀kan fún fóònù, ọ̀kan fún aṣọ tútù, ọ̀kan fún ìdọ̀tí yín tẹ́ ẹ máa kó padà. Owó wẹ́wẹ́ náà o, ẹ má gbọ́kàn lé tiransifá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já yín kulẹ̀. Àdìrẹ àtijọ́ kan tí mo rà ní Ìtòkú tó ti ṣá ni mo máa ń tẹ́ sílẹ̀, ó dáa ju ẹní lọ, tẹ́ ẹ bá gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan gbogbo iyanrìn á já bọ́.

Ẹ má fún wọn lóúnjẹ tó pọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ bóòtù. Búrẹ́dì díẹ̀ ti tó, kí wọ́n tó dé ọ̀hún.

Ní jẹ́tì

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ lè wọ bóòtù ní CMS, ẹ sì lè wọ̀ ọ́ ní jẹ́tì tó wà nítòsí Bonny Camp ní Victoria Island, ẹ ṣáà ti débẹ̀ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Kẹ́nikẹ́ni nínú yín tó jókòó sínú bóòtù, ẹ bi ọlọ́kọ̀ léèrè: èló ni fún àgbà, èló ni fún ọmọdé, ṣé àlọ àtàbọ̀ ni, aago mélòó lẹ máa wá gbé wa? Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀, ẹ pè é lójú ẹ̀ kó dún, kẹ́ ẹ sì san ìdajì, ìdajì tó kù dìgbà tó bá gbé yín padà. Èmi ò bèèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọlọ́kọ̀ kan gbé wa lọ ní owó tó dáa, nígbà tó dìgbà àbọ̀ ó ní ìlọ́po méjì lòun máa gbà, kí la fẹ́ ṣe, ṣé ká wẹ̀ dé Èkó ni? A san án.

Jákẹ́ẹ̀tì tí ń léfòó. Òfin ni l'Ékòó pé gbogbo èrò inú bóòtù gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, àmọ́ wíwọ̀ nìkan ò tó, ó gbọ́dọ̀ bá ọmọ mu. Ọlọ́kọ̀ yẹn kan náà gbé jákẹ́ẹ̀tì àgbà fún àbígbẹ̀yìn mi, ó ní "Màdáámù, kò jìnnà, ẹ ṣáà fi kọ́ ọ lọ́rùn bẹ́ẹ̀." Mo ní rárá. Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò rèé: ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ, ẹ de gbogbo okùn ẹ̀ títí tí kò fi ní í ṣe kòtòkòtò, ẹ wá di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú lọ́tùn-ún lósì kẹ́ ẹ fà á sókè. Tó bá sún lọ sókè tó bo àgbọ̀n àti etí ọmọ, ó tóbi jù, ọmọ á yọ́ bọ́ nínú ẹ̀ tó bá já sómi. Ti ọmọ mi, etí méjèèjì ló bò mọ́lẹ̀, kò sì ríran. Ìgbà tí mo fàáké kọ́rí pé a ò lọ ni wọ́n tó rìn dé ìdí bóòtù míì tí wọ́n bá wa rí tọmọdé. Ẹ tẹ fóòmù inú ẹ̀ náà wò, tó bá ti ya tàbí tó ti rún, ẹ dá a padà. Nígbà tó yá mo ra tàwọn ọmọ mi, ó gbówó lórí díẹ̀, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀.

Ẹ jókòó sáàárín bóòtù tàbí lápá ẹ̀yìn, iwájú ló máa ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún jù. Kọ́wọ́ àwọn ọmọ wà nínú bóòtù, kò gbọ́dọ̀ sí ẹni tó dìde. Ọmọ tójú ẹ̀ bá ń ràn, ẹ ní kó máa wo ọ̀ọ́kán, kó má wolẹ̀. Kò ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ tẹ́ ẹ fi máa débẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnì kọ́kọ́ ké, ọwọ́ méjèèjì làbígbẹ̀yìn mi fi di ìró mi mú tí ìka ẹ̀ funfun, kò sọ̀rọ̀, àfìgbà tí ọkọ̀ ńlá kan tó kó kọ̀ntẹ́nà gíga bí ilé ń kọjá, ó la ẹnu sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni mo rí i tó tú ìka ẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lórí iyanrìn

Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ ti lè máa wo omi láìsí nǹkan tó dí yín lójú. Ẹ lè háyà agbòòrùn àti àga, ẹ ná an kẹ́ ẹ tó jókòó. Ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ni wọ́n lé kúrò nílé wọn ní oṣù kìíní 2020, ó dùn mí gan-an nígbà náà, torí náà àwọn tó ṣì ń dín ẹja tàbí ta omi níbẹ̀, mo máa ń rí i pé mo ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, bí mo tiẹ̀ gbé oúnjẹ dání.

Ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín apá méjì. Apá tó kọjú sí ọ̀nà èbúté lomi ti jẹ́jẹ́, ibẹ̀ lọmọdé ń ṣeré. Tẹ́ ẹ bá rìn kọjá sí apá kejì, Lighthouse Beach, òkun gangan nìyẹn, kò sí ògiri tó ń bá yín gba ìgbì, omi tó ń padà sẹ́yìn á máa fa iyanrìn lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ẹ lè mú wọn lọ́wọ́ lọ wò ó, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń hó, àmọ́ kí ẹsẹ̀ ọmọ kankan má kan omi ibẹ̀.

Ní apá tó jẹ́jẹ́ náà, a ní òfin kan. Fìlà pupa kan wà, ẹni tó bá dé e ni olùṣọ́. Olùṣọ́ ò gbọ́dọ̀ tẹ fóònù, kò gbọ́dọ̀ jẹun, ìdúró ló máa wà létí omi gan-an, ojú ẹ̀ lórí àwọn ọmọ. Tí ogún ìṣẹ́jú bá pé, á bọ́ fìlà lé ẹlòmíì lórí, àfi kí ẹni yẹn sọ lẹ́nu ara ẹ̀ pé "mo ti gbà á" kó tó kúrò. Ó le díẹ̀ lójú àwọn kan, Bọ̀dá Kékeré kọ́kọ́ kùn, àmọ́ ọmọ tó ń rì kì í pariwo, ẹnu ẹ̀ wà nínú omi, kò lè ké, àgbà mẹ́rin lè jókòó sítòsí kí kálukú rò pé ẹnì kejì òun ló ń wò ó. Àwọn kékeré, omi ò gbọ́dọ̀ ju orúnkún wọn lọ, àgbà nínú wọn ìbàdí, kí jákẹ́ẹ̀tì sì wà lọ́rùn wọn. Táyà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí yẹn kì í ṣe ohun ààbò o, atẹ́gùn lè tì í lọ.

Eré pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Kí wọ́n gbẹ́ iyanrìn, kí wọ́n kọ́ ààfin, kí wọ́n ṣa ìkarahun, kí wọ́n máa ka ọkọ̀ tó ń wọlé. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kan máa ń fi pátákó gun ìgbì, wọ́n sì máa ń kọ́ èèyàn, àmọ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọmọ tó ti mọ omi wẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ èmi jù ni pé mo mú wọn lọ wo òkúta ògiri yẹn látòkèèrè, mo wá sọ fún wọn pé Aró l'Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wa òkúta, tí rélùwéè kó o wá sí Èkó. Àgbà nínú wọn wò ó títí, ó ní "Ṣé òkúta wa ló ń dáàbò bò wá níbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àbọ̀

Aago mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́, ẹ pe ọlọ́kọ̀. Kí aago mẹ́rin àbọ̀ má bá yín níbẹ̀, ẹ má wọ bóòtù lálẹ́ láé, bó ti wù kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun mọ ọ̀nà tó. Ẹ fi omi píọ́wọ́tà ṣan iyọ̀ kúrò lójú àti lára wọn, ẹ pààrọ̀ aṣọ wọn, ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì fún wọn padà, ẹ ka orí wọn kẹ́ ẹ tó wọ bóòtù, kẹ́ ẹ tún kà á tẹ́ ẹ bá sọ̀.

Ìta ni kẹ́ ẹ ti gbọn bàtà àti àpò tẹ́ ẹ bá délé, iyanrìn yẹn máa ń dí páìpù bálùwẹ̀. Ẹ fọ irun àwọn ọmọbìnrin lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, iyọ̀ á mú un gan. Ìkarahun tí wọ́n bá ṣà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó kúrò létí omi, èyí tí nǹkan abẹ̀mí bá ṣì wà nínú ẹ̀, kí wọ́n dá a padà sómi, ìyókù ẹ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná nílé. A ò ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, agolo Milo kan báyìí ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ, ọjọ́ kẹrin la tó mọ ibi tí òórùn yẹn ti ń wá.