Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá rọ́ lórí pápá, ẹ sọ omi gbígbóná kalẹ̀ ná

Ní Ìlẹ̀ṣà níbí, bí ọmọ bá fẹsẹ̀ rọ́ níbi bọ́ọ̀lù, mo ti mọ ohun tó ń dúró dè é nílé: ìkòkò omi lórí iná, àti àgbàlagbà kan tó ti fi òrí ra ọwọ́, tó fẹ́ fà á padà sáyè rẹ̀. Kóòṣì àwọn ọmọ àdúgbò ni mí. Mo ti bá àwọn ìyá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ju bí mo ṣe ń bá rẹfirí jiyàn lọ.

Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ṣàdédé yí wọnú, iṣan tó so eegun mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta ọrùn ẹsẹ̀ ló sábà máa ń ya. Ẹ̀jẹ̀ á máa sun síbẹ̀ lábẹ́ awọ, ibẹ̀ á wú. Ooru àti fífọwọ́ra á tún jẹ́ kó sun sí i. Ògógóró náà ńkọ́? Àti èyí tí wọ́n fi ń pa á àti èyí tí wọ́n ń mu, ẹ gbé e kúrò. Kò sí eegun tó yẹ̀ tí ẹ fẹ́ dá padà. Bí ó bá sì yẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe iṣẹ́ inú pálọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá eegun kán. Ẹ ní kó rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, kó tilẹ̀ máa tiro. Ẹ fìka tẹ ẹ̀yìn kókósẹ̀ méjèèjì, kí ẹ tẹ eegun agbedeméjì ẹsẹ̀ lápá ìta àti lápá inú. Bí kò bá lè rìn ín, tí eegun ibi tí ẹ tẹ̀ bá dùn ún gan-an, tí ẹsẹ̀ bá wọ́, tàbí tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá tutù tó kú tipiri, ẹ gbé e lọ sí Wesley Guild tàbí sí ọsibítù ńlá OAUTHC n'Ífẹ̀ fún X-ray. Ti ọmọ tó ṣì ń dàgbà, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì: ẹnu eegun rẹ̀ kò tíì le.

Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ bọ́ bàtà rẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó wú. Ẹ má dúró de iná NẸ́PÀ torí áìsì. Píọ̀ wọ́tà tó dì gbagidi, lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta mínírà lẹ́bàá pápá, ló dára jù. Ẹ gbá a mọ́lẹ̀ kó fọ́ wẹ́wẹ́ nínú ọ̀rá rẹ̀, á lè rọ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ fi síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wé e, torí áìsì máa ń jó awọ. Ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́yìn wákàtí méjì sí mẹ́ta ẹ tún un ṣe, fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Láàárín ìyẹn, ẹ fi báńdéèjì tó ń fà wé e láti ìdí ọmọ ìka lọ sókè. Bí ìka bá ń dúdú tàbí tó ń ta, ó ti le jù. Ẹ tú u bí ó bá fẹ́ sùn. Kó dùbúlẹ̀, kí ẹsẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, kó ga ju àyà lọ. Parasitamọ́ọ̀lù tó fún ìrora. Kí ẹni tó ní ọgbẹ́ inú má fọwọ́ kan ibuprofen.

Ibi tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń ba nǹkan jẹ́ wá dé. Bí kò bá ti dùn wọ́n mọ́, wọ́n ti padà sórí pápá, ẹsẹ̀ kan náà á tún rọ́. Ìrora lọ, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ kò tíì mọ ibi tó dúró sí. Láti bí ọjọ́ kẹta, bí wíwú bá ti ń rọlẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kọ a, b, d sínú afẹ́fẹ́ títí dé y, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fo gb. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n di ògiri mú, kí wọ́n máa gbé gìgísẹ̀ sókè. Èyí tí mo fẹ́ràn jù: kí wọ́n fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan dúró bí wọ́n bá ń fọ eyín láàárọ̀, ìṣẹ́jú àáyá 30, tó bá yá kí wọ́n di ojú. Ẹ máa rí ọmọkùnrin tó ń pe ara rẹ̀ ní Okocha tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Èyí tó rọrùn lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, èyí tó le á gba mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá pé tí kò ṣì lè tẹ̀ ẹ́, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Kí n tó fi ọmọ sílẹ̀ wọlé, ó gbọ́dọ̀ lóṣòó bí òṣómàáló tó wá gbowó aṣọ, gìgísẹ̀ méjèèjì á kanlẹ̀. Á wá fi ẹsẹ̀ yẹn nìkan fò, á sáré, á yí padà lójijì. Bí ó bá fajú ro níbì kan nínú wọn, òun ni yóò máa bá wa ṣa bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ sínú igbó.