Bí a ṣe ń ṣe ìbẹ̀wò sí àwọn oko wáìnì Stellenbosch láì di ẹni tí wọ́n ń gbé wọ mọ́tò

Ará wa tó bá lọ lo ìsinmi ní Cape Town, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ orúkọ Stellenbosch. Nǹkan bí 50 kìlómítà ni ìlú náà sí Cape Town, òkè ńláńlá yí i ká, ọgbà àjàrà sì tẹ́ lọ súà lábẹ́ àwọn òkè náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á kọ orúkọ oko mẹ́fà sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n á gbéra láì jẹun. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹnì kan ti sùn lọ sórí kóríko, tọkọtaya kan ti ń fa ọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ èyí tó dùn nínú gbogbo ohun tí wọ́n mu. Èmi ni wọ́n sábà máa ń pè pé kí n wá kó wọn. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń ṣe é.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ

Oṣù Kejìlá àti Oṣù Kìn-ín-ní ni gbogbo ayé ń lọ. Ìgbà ooru wọn nìyẹn, oòrùn a mú, gbogbo ibi a sì kún. Bí ẹ bá lè mú sùúrù di Oṣù Kejì tàbí Oṣù Kẹta, ẹ ó bá wọn lẹ́nu ìkórè: katakata ń kó èso wọlé, òórùn omi àjàrà tó ń hó nínú àgbá á gba gbogbo àyíká. Láti Oṣù Kẹfà dé Oṣù Kẹjọ, òjò àti òtútù ni, ṣùgbọ́n èrò kì í pọ̀, ẹni tó ń bu ọtí á sì ráyè bá yín sọ̀rọ̀. Oṣù Kẹta ni tèmi. Ẹni tó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, ẹ gba físà ná kí ẹ tó sanwó ilé ìtura.

Ọkọ̀

Ẹ má wa ọkọ̀ fúnra yín. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Òfin ibẹ̀ ni pé ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kò gbọdọ̀ tó 0.05 gíráàmù nínú 100 mìlílítà. Fún awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ jẹun, 0.02 ni. Ọ̀nà Helshoogte tó gba orí òkè láti Stellenbosch lọ sápá Franschhoek, ìlú wáìnì mìíràn tó wà nítòsí, sì ní kọ́nà tó pọ̀, kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń fi ojú ọtí gbà.

Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ sùn sí àárín ìlú Stellenbosch gan-an, kí ẹ máa fi Uber lọ sí oko tó wà nítòsí. Bí oko bá jìn díẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀ tó gbé yín lọ, kí ẹ sì dá aago tó máa padà wá fún un, torí ẹ lè jókòó ti fóònù títí nínú oko láì rí ọkọ̀ kankan. Bí ẹ bá pé mẹ́rin, ẹ gba awakọ̀ kan fún odindi ọjọ́, kí ẹ jọ dá owó náà.

Ọ̀nà kẹta ni Franschhoek Wine Tram, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2012. Ọkọ̀ ojú irin kékeré àti bọ́ọ̀sì ni wọ́n jọ ń lò. Ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ ní oko kan, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á wá gbé yín lọ sí òmíràn. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó ọkọ̀ nìkan ni tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, owó ìtọ́wò, ìyẹn owó ọtí díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n ń bù fún yín ní oko kí ẹ tọ́ ọ wò, wà lọ́tọ̀. Ẹ wo aago tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn máa kọjá, kí ẹ kọ ọ́ sára ọwọ́ bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Oko mẹ́ta lóòjọ́

Mẹ́ta ni. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kan ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, èkejì níbi tí ẹ ti máa jẹun ọ̀sán, ẹ̀kẹta kó tó di aago mẹ́ta àbọ̀, torí ọ̀pọ̀ yàrá ìtọ́wò máa ń tì ní nǹkan bí aago márùn-ún, àwọn mìíràn kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ pè wọ́n ṣáájú láti gba àyè.

Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó dá ipa ọ̀nà wáìnì Stellenbosch (àwọn oko tí àlejò lè máa lọ láti ọ̀kan sí òmíràn) sílẹ̀ ní 1971, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, ni olóko Simonsig, Spier àti Delheim. Simonsig náà ló kọ́kọ́ ṣe irú wáìnì tó ń ru ìfófòó tí wọ́n ń pè ní Cap Classique, lọ́dún 1971 kan náà. Spier láàyè gan-an fún ẹni tó kó ọmọdé dání. Ẹ má kúrò ní Stellenbosch láì tọ́ Pinotage wò: irúgbìn àjàrà ibẹ̀ gan-an ni, Abraham Perold ti Yunifásítì Stellenbosch ló fi àjàrà Pinot Noir àti Cinsaut bí i ní 1925. Oko Kanonkop ni èmi máa ń mú èèyàn lọ fún un.

Ohun kan wà tí ìwé pélébé tí wọ́n ń pín fún àlejò kì í sábà sọ. Ní 1658, ọkọ̀ ojú omi Hasselt kó ẹrú láti etíkun Pópó, apá ibi tí à ń pè ní Benin àti Togo lónìí, wá sí Cape. Ọdún tó tẹ̀lé e, ní ọjọ́ kejì Oṣù Kejì 1659, ni Jan van Riebeeck, ọ̀gá àwọn Dutch ní Cape nígbà náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti fún wáìnì àkọ́kọ́ níbẹ̀. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti fòpin sí ẹrú níní, ọ̀pọ̀ oko ṣì fi wáìnì san lára owó iṣẹ́ àwọn lébìrà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn oko àtijọ́ kan ṣì ní agogo tí wọ́n fi ń pe ẹrú síṣẹ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ béèrè. Oko tó bá dáhùn láì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ ni mo máa ń ra ọtí níbẹ̀.

Ìtọ́wò

Ibí yìí ni gbogbo rẹ̀ ti ń bàjẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀.

Ẹ ṣírò rẹ̀ ná. Ọtí márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń bù fún ìtọ́wò kan. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 30 mìlílítà, 150 nìyẹn, odindi ife wáìnì kan. Oko mẹ́fà á fún yín ní 900. Ìgò wáìnì kan, 750 péré ni. Ẹni tó bá gbé gbogbo rẹ̀ mì ti mu ju ìgò kan lọ, nínú oòrùn, pẹ̀lú ikùn òfìfo, kó tó di ìrọ̀lẹ́. Kí ló kù tí a fẹ́ kó rántí?

Nítorí náà, ẹ tu ú dànù. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló máa ń wò mí bíi wèrè: ọtí tí mo fowó mi san, kí n tún tu ú sílẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, owó tí ẹ san kì í ṣe owó àmuyó. Owó kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ ó rà lọ sílé ni. Wọ́n gbé ohun ìtutọ́ sórí tábìlì fún iṣẹ́ yẹn, àwọn tó ń ṣe wáìnì náà fúnra wọn ń tu ú, kò sí ẹni tó máa rò pé ẹ rí ọtí òun fín. Ẹ fi omi dánra wò nínú balùwẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà: ẹ ká ètè jọ, kí ẹ tu ú jáde lẹ́ẹ̀kan, láì ṣíyè méjì. Ẹni tí ojú bá ń tì ló máa ń tu ú sára aṣọ. Láti ìgbà tí mo ti rí léèsì funfun kan tó bá wáìnì pupa pàdé, aṣọ dúdú tàbí ànkárá tó ní àwọ̀ tó pọ̀ ni òfin mi. Bí ọ̀kan bá dùn mọ́ yín gan-an, ẹ gbé ìyẹn mì. Ọ̀kan ní oko kọ̀ọ̀kan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá kù nínú gíláàsì, ẹ dà á nù.

Ẹ jẹun láàárọ̀, ẹyin àti búrẹ́dì tàbí iṣu, ṣùgbọ́n ẹ má fi ata sí i. Ata máa ń jẹ́ kí ọtí ta lẹ́nu, ẹ ó sì máa bú ọtí tí kò ṣẹ̀. Ẹ má fín lọ́fínńdà. Èyí le fún àwọn èèyàn wa, mo mọ̀, àmọ́ imú lẹ fi ń mọ wáìnì ju ahọ́n lọ, òórùn tó wà lọ́rùn yín á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, tiyín àti ti ẹni tó jókòó tì yín. Ẹ gbé omi tiyín dání, kí ẹ máa mu ún láàárín ọtí kan sí èkejì. Bisíkíìtì tí wọ́n ń tà níbẹ̀ wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Bisíkíìtì kábìn ń ṣe iṣẹ́ kan náà, mo máa ń kó o sínú báàgì. Ẹ sáà béèrè ná bóyá wọ́n gbà kí èèyàn mú nǹkan wọlé.

Ìtọ́wò gan-an kò le. Ẹ di ẹsẹ̀ gíláàsì mú, ẹ mì í yípo, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ fà á díẹ̀ sẹ́nu, ẹ yí i ká ahọ́n, ẹ tu ú. Wáìnì funfun ló ń ṣáájú, pupa tẹ̀ lé e, dídùn ló ń kẹ́yìn. Bí pupa bá fa ẹnu yín gbẹ bí ìgbà tí ẹ jẹ obì, kò tíì bàjẹ́ o, èèpo àti kóró àjàrà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ọtí dídùn lẹ fẹ́ràn, ẹ sọ ọ́ gbangba. Mo ti rí ọ̀gá ńlá tó ń mi orí sí wáìnì kíkan títí tí ojú rẹ̀ fi hun jọ, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun lálàìmọ̀kan. Ẹ ya fótò ara ìgò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan tì í: “kan,” “dùn,” “ti ìyá.” Ó tó.

Rírà àti gbígbé e délé

Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa yọ owó ìtọ́wò kúrò bí ẹ bá ra ìgò. Ọ̀pọ̀ oko máa ń ṣe é. Èyí tí ẹ lè rí ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní Cape Town, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fún ẹni tó bu ọtí fún yín ní nǹkan kí ẹ tó dìde.

Ìgò tó kún wúwo ju kìlógíráàmù kan lọ dáadáa, nítorí náà ẹ wọn ẹrù yín kí ẹ má baà tú u sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Inú ẹrù ńlá ló gbọ́dọ̀ wà, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ gbé e wọ inú bàálù lọ́wọ́. Àpò ìgò olówó gọbọi wà lọ́jà, àmọ́ pampers ọmọdé ni mo ń lò: ẹ wé e mọ́ ìgò, ẹ sọ ọ́ sínú ọ̀rá, ẹ dè é, ẹ ki í sáàárín aṣọ. Bó bá fọ́, pampers á fa omi rẹ̀ mu. Ẹ pa rìsíìtì mọ́. Àlejò tó bá ra ọjà tó ju 250 rand lọ lè gba owó orí ọjà, VAT, padà ní pápákọ̀, 15 nínú 100 sì ni VAT ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ fi ojú rí ọjà náà, ẹ lọ síbi àyẹ̀wò yẹn kí ẹ tó fi ẹrù sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú.

Bí ẹ bá délé, ẹ má gbé e sórí fíríìjì, ẹ má sì fi í sínú bùútù ọkọ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tó tutù jù ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí. Wáìnì pupa náà, nínú ooru Èkó, ẹ ki í bọ fíríìjì fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣí i.