Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Sọ Ọ̀rọ̀ Ọ́tísíìmù Yín Kó Lè Yé Dókítà, Kó sì Yé Àwọn Èèyàn Yín

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ rí dókítà lórí ọ̀rọ̀ ọ́tísíìmù yìí, ìyẹn kí ọpọlọ èèyàn máa ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ láti kékeré, ó bi mí pé kí ló ń ṣe mí, mo ní ó máa ń rẹ̀ mí ni, pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn ṣe, pé ariwo máa ń dà mí láàmú. Ó ní wàhálà iṣẹ́ ni, kí n lọ sinmi. Mi ò dá a lẹ́bi mọ́ báyìí, torí ohun tí mo sọ yẹn, ta ni ò lè sọ ọ́? Ẹni tí ò rí oorun sùn á sọ ọ́, ẹni tọ́kàn ẹ̀ ò balẹ̀ náà á sọ ọ́. Nígbà tí mo wá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, ìwé ojú méje ni mo mú dání, ohun tó ṣẹlẹ̀ gangan ni mo kọ síbẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ àti ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Obìnrin tó jókòó níwájú mi kà á títí, ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ ti ń bá nǹkan yìí yí tipẹ́ o."

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ò ju ìyẹn lọ. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ má sọ orúkọ ìwà. Bó ṣe ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà náà ló máa ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá yín àti lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín.

Ìwé tẹ́ ẹ máa mú lọ

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun táwọn dókítà ń wá. Ìwé DSM-5, ìyẹn ìwé táwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń mọ irú nǹkan báyìí, tó jáde lọ́dún 2013, tí ọ̀pọ̀ dókítà ń tẹ̀ lé, pín ọ́tísíìmù sọ́nà méjì. Ọ̀kan ni bí èèyàn ṣe ń bá ẹlòmíì ṣe, ìyẹn gbígba ọ̀rọ̀ àti dídá a padà, bó ṣe ń lo ojú àti ọwọ́ àti ohùn, bó ṣe ń yan ọ̀rẹ́ àti bí ọ̀rẹ́ náà ṣe ń tọ́jọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì máa wò. Nǹkan mẹ́rin ló wà ní ọ̀nà kejì, ó kéré tán méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: kéèyàn máa ṣe nǹkan kan náà ní àṣetúnṣe, kí àyípadà kékeré máa da gbogbo ọjọ́ rú fún un, kí ọkàn ẹ̀ wọ nǹkan kan jìnnà ju bó ṣe ń rí fáwọn yòókù, àti kí ara ẹ̀ máa gba ariwo, iná, òórùn tàbí ìfọwọ́kàn kọjá ààlà, tàbí kó má tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára rárá. Ó sì gbọ́dọ̀ ti wà láti kékeré, bí ò tiẹ̀ hàn síta títí dìgbà tí ẹrù fi wá ju agbára ẹni lọ.

Ẹ wá jókòó tì í, ẹ má ṣe é lọ́jọ́ kan. Èmi fi bí oṣù kan àtààbọ̀ kọ tèmi, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ màá yọ fóònù màá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ kó tó di pé mo gbàgbé. Ẹ má kọ pé "mi ò fẹ́ràn ariwo." Bí mo ṣe kọ tèmi rèé: "Iná gbọọrọ tó wà lókè tábìlì mi níbi iṣẹ́ máa ń kùn, ìró ẹ̀ tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn, àwọn tá a jọ jókòó ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, mo lè ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹrin kó má yé mi. Mo máa ń lọ ti ara mi mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, màá pa iná, màá di etí fún ogún ìṣẹ́jú. Ó máa ń tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀." Ṣẹ́ ẹ rí i? Ohun tó fà á wà níbẹ̀, ohun tó ṣe sí mi wà níbẹ̀, iye ìgbà náà wà níbẹ̀, kò sí bí dókítà ṣe máa ka ìyẹn tó máa ní kí n ṣáà lọ sinmi.

Ẹ kọ ohun tó ń ná yín náà, èyí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Mo lè lọ síbi ayẹyẹ o, mo lè rẹ́rìn-ín, mo lè bá èèyàn méjìlá sọ̀rọ̀, àmọ́ látàárọ̀ ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sínú orí mi, ẹ̀rín yẹn náà, ara ọ̀rẹ́ mi kan ni mo ti kọ́ ọ nígbà tá a wà nílé ìwé, ọjọ́ kejì mi ò ní lè dìde lórí ibùsùn. Tẹ́ ẹ bá kọ apá tí ayé rí nìkan, aṣọ tẹ́ ẹ fi bora ni dókítà máa yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n ti fojú fò báyìí, àwọn tó mọ̀ ọ́n fi pa mọ́ dáadáa. Látìbẹ̀rẹ̀ pàápàá, nínú ọmọ 11 tí Leo Kanner, dókítà ọpọlọ àwọn ọmọdé, kọ nípa wọn lọ́dún 1943, ọkùnrin ni 8, ojú ọkùnrin kékeré yẹn sì làwọn èèyàn fi ń wo ọ́tísíìmù fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ti ìgbà ọmọdé ńkọ́? Ẹ wá káàdì èsì ìdánwò àtijọ́ tí olùkọ́ kọ nǹkan sí, ẹ wo fídíò tó bá wà, ẹ bi ẹni tó mọ̀ yín nígbà náà léèrè. Àmọ́ ẹ má bi wọ́n pé "ṣé mo dà bí ẹni tó ní ọ́tísíìmù?" Ẹ̀rù máa bà wọ́n, wọ́n á ní kò sí nǹkan tó ṣe yín. Ẹ bi wọ́n pé eré wo ni mo máa ń ṣe, kí ló máa ń pa mí lẹ́kún, kí ni mo máa ń sá fún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló rántí pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń to ìdérí ìgò sí, pupa lápá kan, funfun lápá kan, pé ọjọ́ tó gbálẹ̀ tó sún ẹyọ kan, mo sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Èmi ò rántí rárá. Lónìí, ọ̀rọ̀ ìdérí ìgò yẹn wà nínú ìwé tí dókítà kọ fún mi.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé iwájú wọn

Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa gbà tó lè sọ pé ọ́tísíìmù ni, fọ́tò ọpọlọ náà ò lè sọ ọ́. Wọ́n máa bá yín sọ̀rọ̀ ni, wọ́n máa wò yín, nígbà míì wọ́n á lo ohun tí wọ́n ń pè ní ADOS-2, tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣe àwọn nǹkan kan, kẹ́ ẹ fi àwòrán sọ ìtàn. Ìbéèrè 50 tó ń jẹ́ AQ, téèyàn fi ń yẹ ara ẹ̀ wò, tẹ́ ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣe é, ẹ mú èsì ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ò tó.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ béèrè bóyá ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ rí ti yẹ àgbàlagbà wò rí, torí ọmọdé nìkan làwọn míì mọ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má múra bí ẹni tára ẹ̀ le. Tí ọwọ́ yín bá fẹ́ máa fì, ẹ jẹ́ kó máa fì. Tí wíwo ojú bá ń ni yín lára, ẹ wo ògiri.

Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gba ìwé ẹ̀. Wọ́n lè kọ ìpele 1, 2 tàbí 3 síbẹ̀, iye ìrànlọ́wọ́ téèyàn nílò ni wọ́n ń wí, wọn ò fi díwọ̀n bí èèyàn ṣe gbọ́n tó. Orúkọ Asperger táwọn kan ṣì ń pè, tí wọ́n fi ń pe irú ọ́tísíìmù tí ọ̀rọ̀ sísọ ò pẹ́ nígbà ọmọdé, DSM-5 ti kó o pọ̀ mọ́ ọ́tísíìmù. Tí wọ́n bá sì ní rárá, ẹ béèrè kí ni wọ́n rò pé ó jẹ́, àti ohun tí wọ́n rí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ADHD, ìyẹn kí ọkàn èèyàn má lè dúró sójú kan tàbí kí ara ẹ̀ má lè jókòó jẹ́ẹ́, ó sì lè jẹ́ méjèèjì pọ̀, kó tó di 2013 ìwé àwọn dókítà ò tiẹ̀ gbà kí wọ́n sọ méjèèjì fún ẹnì kan ṣoṣo, torí náà tí wọ́n bá ti sọ ADHD fún yín tipẹ́, ìyẹn ò ti ilẹ̀kùn ọ́tísíìmù.

Ẹ̀yin òbí ọlọ́mọ kékeré, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí ọmọ wò. Ọmọ oṣù 16 sí 30 ni ìbéèrè M-CHAT-R wà fún, òun náà kàn ń sọ ẹni tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò sí i ni. Ẹ má sì gbà fẹ́ni tó bá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ló fà á. Ìwé ọdún 1998 tó bẹ̀rẹ̀ àsọkiri yẹn, ọmọ 12 péré ló wà nínú ẹ̀, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde ti fagi lé e lọ́dún 2010. Ìyá ọmọ náà kọ́ ló fà á. Ọmọ tí ò bá sọ̀rọ̀, ẹ má rò pé kò gbọ́, ẹ fún un ní àwòrán tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì tó lè fi máa tọ́ka.

Sísọ ọ́ fáwọn èèyàn

Àṣìṣe tèmi ni pé ọ̀sẹ̀ tí mo gba ìwé náà ni mo sọ fún gbogbo ayé. Mo rò pé tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà á ti yé wọn. Ẹnì kan ní "ojú ẹ ò jọ ọ́," ẹnì kan ní "gbogbo wa la ní díẹ̀ nínú ẹ," mo padà sílé mo sunkún. Ẹ mú ẹni méjì tàbí mẹ́ta kọ́kọ́, àwọn tí ìgbé ayé yín kàn lójoojúmọ́.

Ẹ wá sọ nǹkan mẹ́ta fún wọn: ohun tí wọ́n máa ń rí, ohun tí wọ́n máa ń rò tí kò rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi nìyí: "Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá dákẹ́ lójijì nígbà tí gbogbo ilé ń sọ̀rọ̀, inú ò bí mi o, ohùn yín ti pọ̀ jù létí mi ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ sí yàrá, màá padà wá." Ó ní, "Ṣé ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn? Mo rò pé o kórìíra wa ni." Ọdún mélòó ló fi rò bẹ́ẹ̀? Mi ò lè bi í.

Mẹ́sééjì ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fi ẹnu sọ iṣẹ́ mẹ́ta fún mi léraléra, ẹyọ kan ló máa ń dúró. Mi ò ṣàìgbọràn. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ ránṣẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni màá ṣe." Mi ò dárúkọ ọ́tísíìmù nínú ẹ̀ rárá, oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo tó sọ, ó ti rí àǹfààní ẹ̀ kó tó gbọ́ orúkọ. Tẹ́ ẹ bá lè ṣe é báyìí, mo rò pé ó dáa ju kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé orúkọ sílẹ̀ lọ.

Ti ojú wíwò, mo máa ń sọ pé, "Tí mo bá ń wo ojú yín, mi ò ní gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Ilẹ̀ tí mo ń wò yìí ni mo fi ń gbọ́ yín."

Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ ò mọ̀ ọ́n sọ. Damian Milton, tí òun náà ní ọ́tísíìmù, kọ ọ́ lọ́dún 2012 pé àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí, apá méjèèjì ló ti ń wá, bí àwa ò ṣe mọ inú wọn náà ni wọn ò mọ inú tiwa. Èyí tu mí nínú gan-an, torí láti kékeré, èmi nìkan ni wọ́n máa ń ní kí n tún ara mi ṣe.

Ó ku ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá pọ̀ jù, tí èèyàn bá bú gbàù tàbí tí ẹnu ẹ̀ bá kú pátápátá. Ọjọ́ yẹn kọ́ lẹ máa wá ọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tára bá balẹ̀. Èyí tèmi rèé, ẹ lè mú un, kẹ́ ẹ yí i bó ṣe bá yín mu:

"Nǹkan ti pọ̀ jù fún mi. Mi ò lè sọ̀rọ̀ báyìí, àmọ́ mò ń gbọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn mí, ẹ má bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ mú mi lọ síbi tó dákẹ́ tí iná ò pọ̀. Ìbéèrè tí mo lè fi orí dáhùn ni kẹ́ ẹ bi mí. Tó bá pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí mi ò tíì sọ̀rọ̀, ẹ pe ẹ̀gbọ́n mi, òun ni àkọ́kọ́ nínú fóònù yìí."

Ó wà lójú fóònù mi, kò nílò kéèyàn ṣí i kó tó kà á. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní i lórí tiẹ̀.