Bí mo ṣe yanjú ọ̀rọ̀ owó oṣù tí wọ́n ń gé ní ilé búrẹ́dì kan ní Adó-Èkìtì

Obìnrin tó ni ilé búrẹ́dì náà kò torí òfin pè mí. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó kù sì ń kùn. Búrẹ́dì ń dín. Iye fúláwà tí wọ́n ń pò kò bá iye búrẹ́dì tó ń jáde mu, owó tó ń wọlé kò sì bá iye búrẹ́dì mu. Nígbà tó béèrè títí tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín àdánù náà sórí gbogbo wọn. Bí oṣù bá ti parí, wọ́n á gé nínú owó olúkúlùkù: ẹni tó ń po fúláwà, ẹni tó ń gé e sínú páànù, ẹni tó wà nídìí ààrò, àwọn ọmọbìnrin tó ń fi búrẹ́dì sínú ọ̀rá, àwọn dírẹ́bà, títí kan bàbá ọlọ́dẹ tí kì í kọjá ẹnu géètì.

Ẹ̀ka ètò òṣìṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì, ìyẹn ló ṣe rántí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀." Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí n wá bá wọn wí. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ ohunkóhun, kí ó dá owó gígé yẹn dúró ná. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. "Ṣé kí n máa fi owó mi bọ́ olè ni?" Mo ní ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu èèyàn kì í fún un lọ́rùn.

Èrò mi nìyí, mi ò sì tíì yí i padà: owó gbogbo wọn tó ń gé ni kò jẹ́ kó rí olè mú. Bí ìyà bá ti kárí, ta ló tún kù tó fẹ́ sọ̀rọ̀? Ẹni tó mọ nǹkan ti sanwó ọ̀ràn tí kò dá, kí ló tún fẹ́ máa wá wàhálà kiri fún? Ẹni tó sì ń jí nǹkan náà, bó bá kó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, gbogbo ilé ló ń bá a san án. Ọ̀gá ń bínú pé wọ́n ń bo ara wọn láṣìírí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló kó wọn pọ̀ sí ojú kan náà.

Mo mú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa lọ bá a, èyí tó wà nínú àkójọ òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2004. Mo ka abala 5 fún un. Òfin kò gba agbanisíṣẹ́ láyè kó máa gé owó oṣù gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tó fa àdánù, tàbí tó jẹ́ àìbìkítà rẹ̀ ló fà á, a lè gba nǹkan níbẹ̀, àmọ́ a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ohun tí a ó gé sì gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Gbogbo ohun tí a bá gé lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Kò sí ibì kankan tí òfin ti ní kí bàbá ọlọ́dẹ bá wọn san owó búrẹ́dì. Ó ní kí n fi ìwé náà sílẹ̀. Ó kà á mọ́jú, n kò sì tún gbọ́ ọ̀rọ̀ pé òun ń bọ́ olè mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò pè wọ́n láàárọ̀ tí wọ́n bá ń jáde níbi iṣẹ́, nítorí ẹni tó dúró ti ààrò mọ́jú kò ní ọ̀rọ̀ rere kankan lẹ́nu. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń pè wọ́n, kí iṣẹ́ alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé. Mo ní kí súpáfásọ̀, ẹni tó ń mójú tó iṣẹ́ wọn, má ṣe wà níbẹ̀. Ó kùn díẹ̀, ó ní ṣé òun náà ti di ẹni ìfura ni. Mo ní rárá, tiẹ̀ náà á kàn án.

Mi ò bi ẹnikẹ́ni pé "ta ló ń jí búrẹ́dì?" Bí ẹ bá béèrè ìyẹn, orúkọ ẹni tí wọn ò fẹ́ràn lẹ máa gbọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé: "Sọ bí iṣẹ́ rẹ ṣe ń lọ fún mi, láti ìgbà tó o bá ti wọlé." Mo tún ń bi wọ́n pé ọwọ́ ta ni wọ́n ti ń gba nǹkan, ọwọ́ ta ni wọ́n ń fi lé, ta ló sì ń kà á. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tán, mo máa ń ka ohun tí mo kọ sílẹ̀ sí i létí, kó lè tún èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ ṣe. Mo ṣèlérí pé mi ò ní sọ fún Mọ́mì, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá wọn, pé lágbájá ló sọ báyìí, ṣùgbọ́n mo là á mọ́lẹ̀ pé bí ẹnì kan bá jẹ́wọ́ olè jíjà fún mi, mi ò ní bá a fi pamọ́. Ẹ má ṣe ṣèlérí tó ju agbára yín lọ fún òṣìṣẹ́. Bó bá já lẹ́ẹ̀kan, kò tún sí ẹni tó máa ba yín sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọ̀dọ́ ọmọkùnrin tó ń gé fúláwà ni ọ̀rọ̀ ti yọ. Ó ní, "Bàbá, òṣùwọ̀n yẹn ti bàjẹ́ tipẹ́. Ọwọ́ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n." Mo ní báwo ló ṣe mọ bó ṣe yẹ kó wúwo tó. Ó ṣe díẹ̀ kó tó fèsì. Ó ní Mọ́mì wọlé lọ́jọ́ kan, ó gbé búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná rẹ̀, ó rí i pé kò pé 800 gíráàmù, ó sì pariwo mọ́ òun pé òun ń rẹ́ àwọn oníbàárà jẹ, òun ń kó fúláwà pamọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi díẹ̀ kún gbogbo ègé, kí ọ̀rọ̀ náà má baà tún wáyé.

Mo ní kí wọ́n yá òṣùwọ̀n tó dára wá láti ọjà. A wọn èyí tó gé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lọ sí 850 gíráàmù. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Àpò fúláwà kan jẹ́ 50 kílò. Bí omi, sùgà, bọ́tà, iyọ̀ àti ìwúkàrà bá ti wọ inú rẹ̀, ó ń súnmọ́ 80 kílò ní ilé iṣẹ́ yìí. Bí ègé kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 800 gíráàmù, búrẹ́dì 100 ló máa jáde. Bó bá jẹ́ 850, 94 ni. Búrẹ́dì mẹ́fà ti lọ lórí àpò kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni kò sì jí ohunkóhun.

Àti 800 tí Mọ́mì ń wá lórí búrẹ́dì tó ti jinná ńkọ́? Kò lè rí i. Omi máa ń gbẹ kúrò lára búrẹ́dì nínú ààrò. Ègé tó wọlé ní 800 lè jáde ní bí 720. Èyí tí ọmọkùnrin yẹn ń gé ní 850 pàápàá kò pé 800 nígbà tó bá jinná, ìdí nìyẹn tí Mọ́mì fi ń wò ó títí lẹ́yìn ìgbà náà, tó ṣì ń fura sí i. Ìfura rẹ̀ ló sọ búrẹ́dì di ńlá, búrẹ́dì ńlá ló mú kí iye dín, iye tó dín ló mú kó máa gé owó wọn. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un, ó dákẹ́, ó wá ní kí n tún un ṣírò. Mo tún un ṣírò. Òṣùwọ̀n tuntun dé ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ìyẹn kò ṣàlàyé owó o. Owó tó ń wọlé ṣì ń dín. Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ síwèé rárá nígbà tí búrẹ́dì bá ń wọ ọkọ̀. Àwọn ọmọbìnrin á kà á lẹ́nu, dírẹ́bà á ní òun gbọ́, ọkọ̀ ti lọ nìyẹn. A ra ìwé ńlá kan: iye tó jáde, orúkọ ẹni tó fi í lélẹ̀, orúkọ ẹni tó gbà á, iye tó padà, àwìn tó wà níta, ìbuwọ́lùwé àwọn méjèèjì. Kò pẹ́ tó fi hàn pé ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ nìkan ni owó ti ń dín. Ti ọ̀nà Ìyìn ń pé.

Mọ́mì fẹ́ pe ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀. Mo ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. A kọ kúẹ̀rì fún dírẹ́bà ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá máa kọ kúẹ̀rì, ẹ má kọ "ìwà rẹ kò dára." Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ iye, ẹ kọ ohun tó wà nínú ìwé àti ohun tó fi lélẹ̀, kí ẹ sì fún un láyè láti fèsì. A fún un ní wákàtí 48. A tún ní kó mú òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó bá wù ú dání lọ́jọ́ tí a máa gbọ́ ọ. Dírẹ́bà ọ̀nà Ìyìn ló mú wá.

Ó kọ́kọ́ sọ pé àwìn ni. A ṣí ìwé, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti sanwó. Ló bá jẹ́wọ́ pé lóòótọ́ lòún ń yọ nínú owó náà, ṣùgbọ́n epo lòún fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ rà. Ọ̀rọ̀ epo yìí kì í ṣe irọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí owó epo gun òkè, Mọ́mì fi díẹ̀ kún owó epo lẹ́ẹ̀kan. Ó tún gun òkè lẹ́yìn ìyẹn, kò sì tún fi kun un. Dírẹ́bà ọ̀nà Ìyìn, tí ọ̀nà tiẹ̀ kò jìn tó bẹ́ẹ̀, ní òun máa ń fi tòun kún un. Mo bi èyí tó ń jalè léèrè pé ṣé ó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun sọ fún súpáfásọ̀. Súpáfásọ̀ ní lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n àsìkò tí Mọ́mì ń gé owó kì í ṣe àsìkò tí èèyàn lè lọ béèrè owó.

A yà á sọ́tọ̀. Èyí tó bá ti epo lọ, ilé iṣẹ́ ló ni ín. Èyí tó wọ àpò rẹ̀, ó máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Ó fọwọ́ sí i, a sì gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí gígé rẹ̀. Ó gba lẹ́tà ìkìlọ̀ pé bó bá tún wáyé, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Àwọn kan sọ fún mi pé mo rọ̀ jù. Bóyá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò fún lówó epo tó kò lè jẹ́ olè lásán lójú mi.

Nínú gbogbo èyí, ó hàn pé kò sí ẹni tó ní lẹ́tà iṣẹ́ níbẹ̀. Abala 7 nínú òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ náà kó tó pé oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ fún wọn: iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń ṣe, wákàtí, owó, ọjọ́ tí a ń san án, ọjọ́ ìsinmi kan lọ́sẹ̀, ìsinmi ọdọọdún tí kò gbọdọ̀ dín sí ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà lẹ́yìn ọdún kan, àti ìfitónilétí tí a óò fún ara wa bí a bá fẹ́ pínyà: ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti lé ní oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti pé ọdún méjì, oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún. Mo fi ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ tó wà láàárín àwọn tó ń fi búrẹ́dì sí ọ̀rá sí i, nítorí súpáfásọ̀ ti ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń sá níbi iṣẹ́. Òfin fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ní Èkìtì, ẹni tó ń fi búrẹ́dì sí ọ̀rá lè ní ìwé ẹ̀rí NCE, torí náà ọ̀kan nínú wọn fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ àwọn ibi tí gẹ̀ẹ́sì mi ti wọ́. Mo tún un tẹ̀.

Ìpàdé tí a fi parí rẹ̀ kò rọrùn. Mọ́mì sọ pé owó tí òun gé láìtọ́ máa padà, ti bàbá ọlọ́dẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ti àwọn yòókù pẹ̀lú owó oṣù méjì tó ń bọ̀. Wọ́n dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nídìí ààrò kò jókòó. Ó ní, "Mọ́mì, owó nìkan kọ́. Olè lẹ pè wá." Ilé dákẹ́. Mo ti bá Mọ́mì sọ ọ́ ṣáájú pé ọ̀rọ̀ yìí máa jáde, kí ó má ṣe bínú sí i. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn kò yẹ kó ti ẹnu mi jáde." Fún àgbàlagbà ní Adó, níwájú àwọn ọmọ tó ń san owó oṣù fún, ìyẹn kò kéré. Ọmọ ìdí ààrò jókòó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù láàárín èmi àti Mọ́mì. Ó fẹ́ ṣí ẹ̀ka ní Ìkẹ́rẹ́, ó sì fẹ́ gba èèyàn sí i. Lọ́wọ́lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé 15. Bí wọ́n bá ti pé bẹ́ẹ̀, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 kàn án: òun á máa fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù sílẹ̀ fún olúkúlùkù, òṣìṣẹ́ á fi ìdá 8 sí i. Ó ní ṣé a kò lè dúró sí 14. Mo ní a lè dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má gbé ọkọ̀ kẹta sọ́nà nìyẹn, torí dírẹ́bà rẹ̀ máa fi kún iye òṣìṣẹ́. Ó ní kí n bá òun ṣírò iye tó máa jẹ́ kí òun tó pinnu. Mo ti fún un ní ìṣirò náà.