Bí Mo Ṣe Ṣírò Ẹ̀dínwó fún Àwọn Tó Ń Ra Pátákó Púpọ̀ Lẹ́ẹ̀kan Náà

Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mo ní ní Ìbàdàn, níbi tí èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì ti ń ṣe pátákó ìtọ́ka, pátákó ìkìlọ̀ àti pátákó orúkọ ọ́fíìsì. Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò kan ní kí n bá àwọn ṣe pátákó 40 tí a kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà" sí. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀ pé wọn kò fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri bí gbogbo ayé ti ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé owó wá, a kì í bá a jiyàn. ₦6,000 ni mo máa ń gbà lórí ẹyọ kan nígbà náà. Alága wọn ná an títí, ó ní ọjà púpọ̀ ni àwọn fẹ́ rà, mo sì gbà fún wọn ní ₦3,500, nítorí mo ti rò ó lọ́kàn mi pé pátákó àti sítíkà kò ju ₦2,200 lọ. Nígbà tí iṣẹ́ parí, tí mo ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde, mo rí i pé mo ti fi ₦4,000 kún un láti inú àpò ara mi.

Mo mú ìwé ìṣirò kan, mo jókòó láti wá ibi tí owó náà gbà lọ. Pátákó oníke tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní PVC ni mo lò. Odindi rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú àti ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn, ₦24,000 ni mo sì ra odindi kan. Nítorí pé ẹsẹ̀ bàtà 1 sí 2 ni wọ́n fẹ́, 16 ni mo lè gé lára odindi kan, èyí tó mú kí ẹyọ kan jẹ́ ₦1,500. Sítíkà tí a tẹ̀, tí a sì fi ọ̀rá bò kí òjò àti oòrùn má baà tètè bà á jẹ́, jẹ́ ₦700. Ohun tí n kò kà mọ́ ọn ni ₦800 tí owó ọmọ iṣẹ́ àti epo bẹntiróòlù ń jẹ lórí pátákó kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní 2023, kò yẹ kí oníṣẹ́ kankan tún gbàgbé ẹnu jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. N kò sì ka ₦12,000 tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń gbà kí a tó gé pátákó àkọ́kọ́ pàápàá: owó ẹni tó ya dísáìnì, títẹ ẹyọ kan wò, àti owó ọkọ̀ lọ sí Mọ́kọ́lá láti ra ọjà. Paríparì rẹ̀, 40 kò ṣeé pín sí 16 láìṣẹ́kù. Odindi méjì àbọ̀ ló yẹ kí n lò, àmọ́ kò sí ẹni tó fẹ́ ta àbọ̀ fún mi, mo ra mẹ́ta, àbọ̀ tó ṣẹ́kù sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí tí ara rẹ̀ fi họ, tí a wá ń gé sítíkà lórí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó ti yé mi. ₦3,000 tó ń tẹ̀ lé pátákó kọ̀ọ̀kan kò ní dín kù, bí ó ti wù kí oníbàárà rà tó; ₦12,000 ti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìkan ni ọjà púpọ̀ lè bá mi pín. Bí mo bá ṣe 16, ẹyọ kan ń ná mi ní ₦3,750. Bí mo bá ṣe 32, ó di ₦3,375. Tó bá di 64, ó sún mọ́ ₦3,190, tó bá sì di 128, ó wà ní nǹkan bí ₦3,095. Láti odindi kan sí méjì, ₦375 ni mo rí yọ lórí ẹyọ kan, ṣùgbọ́n láti mẹ́rin sí mẹ́jọ, kò tó ₦100. Nítorí náà, ẹni tó rò pé bí òun bá ra 200, ìdajì owó ló yẹ kí n gbà, ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi ló ń béèrè, nítorí ìdajì ₦6,000 ni ₦3,000 gan-an tí pátákó náà ń ná mi.

Ìlànà àkọ́kọ́ tí mo kọ mọ́ ògiri kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi fà á ya. Mo kọ ọ́ pé ₦6,000 ni ẹyọ kan fún ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tó 16, ₦5,400 láti 16, àti ₦4,900 láti 32 sókè. Oníbàárà kan dé, ó wo ògiri, ó ní, "Ọ̀gá, 30 ni mo fẹ́, ₦162,000 nìyẹn. Bí mo bá mú 32 ńkọ́, ṣé ₦156,800 ni n ó san?" Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín, èmi dákẹ́. Mo wá yí i padà kí ẹ̀dínwó má baà tún padà sẹ́yìn lọ kan ọjà tó ti wà nílẹ̀: ₦6,000 lórí 16 àkọ́kọ́, ₦5,000 lórí 16 tó tẹ̀ lé e, ₦4,500 lórí èyíkéyìí tó bá lé ní 32. Bí àwọn onílé bá bá ìlànà yìí pàdé ni, ₦212,000 ni wọn ì bá san, èrè mi ì bá sì jẹ́ ₦68,000. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ̀ ọ́, kí wọ́n lọ ra ọ̀dà. Ìyẹn náà sàn ju kí n fi ₦4,000 ṣe sàráà fún onílé.

Ní oṣù tó kọjá, màmá kan tó ń ṣètò ìpàdé ọdọọdún ìjọ wọn wá béèrè pátákó ìtọ́ka 120. Mo ṣírò rẹ̀ níwájú wọn: ₦96,000, ₦80,000, àti ₦396,000 fún 88 tó kù, àpapọ̀ rẹ̀ ₦572,000. Màmá ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ Olúwa ni o, bá mi yọ ₦500 kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan." ₦60,000 nìyẹn. Mo tún wo ìwé mi. Odindi mẹ́jọ ni n ó rà fún 120, àyè pátákó mẹ́jọ yóò sì ṣẹ́kù lára èyí tó kẹ́yìn, tí owó rẹ̀ ti wọ inú ìṣirò. Sítíkà àti iṣẹ́ nìkan ló kù lórí wọn, ₦12,000 fún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mo ní, "Màmá, owó náà kò ṣeé yọ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó gba èènì mẹ́jọ." Wọ́n fi ìka ṣírò rẹ̀, ₦36,000 ni wọ́n kà á sí, wọ́n ní afẹ́fẹ́ á ṣáà fẹ́ díẹ̀ lọ lójú ọ̀nà, wọ́n sì gbà.

Ìdá 70 nínú 100 ni mo máa ń gbà sílẹ̀ báyìí, iye tí mo bá sì pè kò kọjá ọjọ́ 7, nítorí òkè òkun ni ike náà ti ń wá, owó rẹ̀ sì ń bá dọ́là rìn. Àsansílẹ̀ màmá jẹ́ ₦400,400, iṣẹ́ náà lápapọ̀ sì ná mi ní ₦396,000, nítorí náà n kò yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá kó o, wọ́n san ₦171,600 tó kù, wọ́n kó pátákó 128 sínú bọ́ọ̀sì ìjọ, wọ́n sì tún gba okùn tí wọn ó fi so wọ́n mọ́ òpó lọ́wọ́ mi, èyí tí n kò tíì mọ ìlà tí n ó kọ ọ́ sí nínú ìwé ìṣirò mi.