Bí a ṣe lè ra wúrà tí a mọ orísun rẹ̀ ní Iléṣà

Wúrà tí iná bá ti yọ́ pọ̀ kò ní àmì ìdánimọ̀ mọ́. Bí èyí tí wọ́n wà jáde nínú ihò tí ó ní ìwé àṣẹ ní Ìtagunmodì bá ti dàpọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n wà lóru létí odò ẹlòmíràn, kò sí alágbẹ̀dẹ wúrà tí ojú rẹ̀ mú tó láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ra wúrà lọ́wọ́ àwọn awakùsà ní Iléṣà, ní Ìperindó àti káàkiri ilẹ̀ Àtàkúnmọ́sà, kí ẹ tó gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè.

Ohun tí ó kọ́ mi kò dùn mọ́ mi. Ọkùnrin kan gbé gíráàmù 11 wá bá mi nígbà kan, ó wé e sínú ọ̀rá omi mímu. Mo bi í pé níbo ni ó ti rí i, ó ní, “Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi ni, bàbá.” Owó tí ó pè kéré, mo sì sanwó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo bá a lọ síbi tí wọ́n ti ń wà á, mo sì rí ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, tí ó ki ọwọ́ lásán bọ inú ọpọ́n, tí ó ń po màkúrì, irin olómi tí ó ní májèlé, mọ́ erùpẹ̀, tí èékánná rẹ̀ sì ti dúdú. Ní ọjọ́ náà, wúrà tí mo rà ti di òrùka ìgbéyàwó lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni, n kò sì lè gbà á padà.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí baálẹ̀ tàbí onílẹ̀ bá ti yọ̀ǹda, ọ̀rọ̀ ti parí, ṣùgbọ́n òfin ohun alumọ́ọ́nì ti ọdún 2007 fi gbogbo ohun alumọ́ọ́nì inú ilẹ̀ Nàìjíríà sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀. Iléeṣẹ́ Mining Cadastre Office ní Àbújá ni ó ń fúnni ní àṣẹ ìwakùsà. Àwọn tí ń fi ọwọ́ wà á sì lè kó ara wọn jọ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí wọ́n sì forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà pẹ̀lú gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tiyín. Ìwé lásán kò tó o, nítorí ìwé lè jẹ́ òótọ́ kí ihò náà wà lẹ́yìn ààlà tí ìwé náà sọ. Ẹ fi fóònù wo ibi tí ihò náà wà lórí àwòrán ilẹ̀, kí ẹ fi wé ohun tí ó wà nínú ìwé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ fi ojú ara yín rí i. Ẹ má sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀. Ẹ wò ó bóyá ọmọdé wà lẹ́nu iṣẹ́, bóyá ògiri ihò náà ní igi tí ó gbé e ró, ibi tí omi tí wọ́n fi fọ erùpẹ̀ ń ṣàn lọ, àti bóyá wọ́n ń dí ihò tí wọ́n ti wà tán, nítorí ihò tí ó bá gba omi òjò lè gbé ènìyàn tàbí ẹran ọ̀sìn mì. Ẹ bá àwọn obìnrin tí ń fọ erùpẹ̀ sọ̀rọ̀ níbi tí ọ̀gá wọn kò sí. Ẹ bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń gbà, ẹni tí ń gba owó lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó wọlé, àti bóyá wọ́n jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí àwọn olùrà kan máa ń yá awakùsà lówó oúnjẹ kí wọ́n lè máa ra wúrà rẹ̀ ní ìdajì iye tí ó tọ́. Ẹ jẹ́ kí olùtà rí ojú òṣùwọ̀n yín, kí ẹ sì ṣírò owó ọjà àgbáyé fún un, áńsì ni wọ́n fi ń pè é, áńsì wúrà 1 sì jẹ́ gíráàmù 31.1.

Ẹ fi ojú sí iye tí ihò kọ̀ọ̀kan ń mú wá. Bí ihò tí ẹ mọ̀ pé ó máa ń mú gíráàmù 5 wá lọ́sẹ̀ bá ṣàdédé mú 60 wá, tí òṣìṣẹ́ kò pọ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé wọ́n ti ń fi ìwé ihò náà ta wúrà tí ó ti ibòmíràn wá.

Ọ̀rọ̀ màkúrì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Màkúrì máa ń so mọ́ wúrà. Bí wọ́n bá ti fi iná sí i, ó di èéfín, wúrà a sì ṣẹ́kù bíi kànrìnkàn tí ó ní ihò wínníwínní. Bí ẹ bá rí wúrà tí ó rí báyìí, ẹ mọ̀ pé ẹnìkan ti fa èéfín náà símú, ẹ má sì tún un sun nínú ṣọ́ọ̀bù yín, nítorí màkúrì lè ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí àdéhùn Minamata láti dín ìlò màkúrì kù, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2017. Ẹ bá àwọn tí ń tà fún yín sọ̀rọ̀ nípa ìkòkò onídèérí tí ó ní ọ̀pá tí ń gba èéfín náà padà, tàbí bóráàsì, ìyẹ̀fun funfun kan tí a fi ń yọ́ wúrà láìlo màkúrì. Kí wọ́n má sì lọ erùpẹ̀ kùsà nínú ọgbà ilé. Ní Zamfara ní ọdún 2010, òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti yọ wúrà ni ó pa ju ọmọdé 400 lọ.

Àwọn bàbá wa òṣómàáló mọ orúkọ àti ilé gbogbo ẹni tí wọ́n tà fún láwìn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣe ìwé yín. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ olùtà, nọ́ńbà ìwé àṣẹ, ihò tí ó ti wá, ìwọ̀n, iye tí ẹ san, àti bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́. Ẹ fi wúrà kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, kí ẹ má sì yọ́ ọ̀kan mọ́ èkejì títí tí ẹ ó fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlànà OECD, àjọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè, tí àwọn olùrà ńlá ní òkè òkun ń tẹ̀ lé, ní kí a tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọdún 5 ó kéré tán. Láti oṣù kìíní ọdún 2021 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù sì ti fi dandan lé e pé kí àwọn tí ń kó wúrà wọlé, bí ó bá ti kọjá ìwọ̀n kan, wádìí orísun rẹ̀.

Bí ẹ bá rí àbùkù ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi ipá kó ènìyàn ṣiṣẹ́, tàbí pé ọmọdé wà nínú ihò tàbí nídìí màkúrì, ẹ dá rírà dúró lọ́jọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ ihò tí wọn kò dí tàbí omi tí kò ní ibi tí yóò dúró sí kí ó tó wọ odò, ẹ má sá lọ, nítorí ẹlòmíràn tí kì í béèrè ohunkóhun ni yóò gba ipò yín. Ẹ fún wọn ní oṣù mẹ́fà, ẹ kọ ohun tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí sínú ìwé, kí ẹ sì padà lọ wò ó. Nígbà tí ẹ bá wá ń ta wúrà náà fún ẹni tí yóò yọ́ ọ, ẹ fún un ní ẹ̀dà ojú ewé tí ẹ kọ ọ́ sí, kí òun náà lè dárúkọ ihò tí ó ti wá.